Ìrẹsì Bouaké: Bí irúgbìn tuntun ṣe bọ́ lọ́wọ́ ogun Côte d'Ivoire, àti ipa tí Ìbàdàn kó níbẹ̀

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Bouaké, ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Côte d'Ivoire.

Àwọn ọmọ ogun tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo ló kọlu Abidjan, Bouaké àti Korhogo lẹ́ẹ̀kan náà. Apá wọn kò ká Abidjan, ṣùgbọ́n Bouaké bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì di ibùdó wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rántí nípa ọjọ́ náà ni ikú ọ̀gágun Robert Guéï tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè náà rí, àti ti mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Émile Boga Doudou. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pa ní Abidjan.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ewu lọ́jọ́ náà tí ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Kìlómítà díẹ̀ sí àríwá Bouaké, ní ibi tí wọ́n ń pè ní M'bé, oko ìwádìí ńlá kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú yàrá àyẹ̀wò àti yàrá òtútù tó kún fún irúgbìn ìrẹsì. Iṣẹ́ ọdún pípẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé M'bé, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, àti bí iṣẹ́ náà kò ṣe parun nígbà tí ogun dé, ni ìtàn yìí dá lé.

Kí ló gbé ìwádìí ìrẹsì dé Bouaké?

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Côte d'Ivoire. Ẹ bi ará Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun léèrè; ó ṣòro kí ẹ rí agbo ilé tí kò ní ẹbí kan ní Abidjan. Bouaké wà ní nǹkan bíi kìlómítà 350 sí Abidjan, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó lọ sí àríwá, láàárín ilẹ̀ àwọn Baoulé.

Ní ọdún 1971, orílẹ̀-èdè 11 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pawọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjọ kan tí wọ́n pè ní WARDA, kó lè máa mójú tó ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ìrẹsì tí àwọn èèyàn ń jẹ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń gbìn nílé kò sì tó. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ra ìyókù.

Monrovia, olú ìlú Liberia, ni àjọ náà kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Ní ọdún 1988 ni wọ́n kó wá sí Bouaké. Nígbà tí ọdún 1989 ń parí lọ, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Liberia. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà, Côte d'Ivoire ti Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ni ibi tí ọkàn ti balẹ̀ jù lọ lágbègbè náà.

Ilẹ̀ M'bé fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó fa àwọn olùwádìí mọ́ra. Bí èèyàn bá dúró lórí òkè níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tó ń retí òjò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀, àkùrọ̀ ni, omi á ti mù ún dé kókósẹ̀. Gbogbo oríṣi ilẹ̀ tí àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sábà máa ń gbin ìrẹsì sí ló wà nínú ìrìn àárọ̀ kan.

Ìrẹsì méjì tí kò bára tan

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé oríṣi ìrẹsì méjì péré ni ọmọ ènìyàn sọ di ohun ọ̀gbìn ní gbogbo àgbáyé. Ọ̀kan wá láti Éṣíà, èkejì sì jẹ́ ti Áfíríkà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ti Éṣíà ni Oryza sativa, wọ́n sì pe ti Áfíríkà ní Oryza glaberrima.

Agbègbè tí odò Ọya ti ń tàn káàkiri ní ilẹ̀ Mali òde òní ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n ti sọ ìrẹsì Áfíríkà di ohun oko, ní nǹkan bíi 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ti Éṣíà dé sí etíkun wa lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi wá, díẹ̀díẹ̀ ló sì lé ti ilé kúrò lóko.

Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí pé ìrẹsì Ọ̀fàdà pupa, ìrẹsì Áfíríkà ni. Àdàlù ni ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní Ọ̀fàdà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ti ìran Éṣíà.

Ìrẹsì méjèèjì ní ohun tí èkejì kò ní. Ti Éṣíà máa ń so púpọ̀, nítorí pé ẹ̀ka tó ń so ọmọ lórí rẹ̀ tún máa ń yọ ẹ̀ka kéékèèké. Ṣùgbọ́n kò lè fara da ìyà ilẹ̀ Áfíríkà: èpò ń bò ó, ọ̀dá ń mú un, kòkòrò àti àrùn ń bá a jà.

Ti Áfíríkà ti mọ ìyà yẹn lára. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń tẹrí ba sílẹ̀ nígbà tó bá wà ní kékeré, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn rí èpò. Ó lè fara da ọ̀dá, ó sì lè dènà àrùn kan tó máa ń sọ ewé ìrẹsì di pupa rúsúrúsú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í so tó ti Éṣíà, ó máa ń ṣubú bó bá ti gbó, ọmọ rẹ̀ sì máa ń já sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó dé ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi ara wọn ni pé: ṣé a kò lè mú àwọn méjèèjì ṣe tọkọtaya ni?

Ọlẹ̀ tí wọ́n tọ́ nínú ìgò

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò bọ́ sí i. Ìrẹsì méjèèjì ti yàtọ̀ síra láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá da lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan sí èkejì lára, ọlẹ̀ inú irúgbìn náà sábà máa ń kú kó tó gbó. Èyí tó bá yè nínú wọn á yàgàn, bí ìbaaka tí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí ṣe máa ń yàgàn.

Ní ọdún 1991 ni Monty Jones, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn tó jẹ́ ọmọ Sierra Leone, dé Bouaké láti darí iṣẹ́ ìrẹsì ilẹ̀ òkè. Freetown ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1951, ó sì ti bá WARDA ṣiṣẹ́ rí nílé kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan ìrẹsì Áfíríkà kan tí wọ́n ń pè ní CG 14, tó wá láti Senegal, wọ́n sì fi pàdé ìrẹsì Éṣíà kan tí àjọ náà ti tún ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WAB 56-104.

Wọn kò dúró kí ọlẹ̀ náà kú. Bó bá ti lo ọjọ́ díẹ̀ lára ìyá rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á gbé e sínú ìgò tí oúnjẹ àti èròjà tó nílò wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa tọ́ ọ níbẹ̀ títí á fi hu ewé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún mú ọmọ náà padà sọ́dọ̀ ìrẹsì Éṣíà, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, títí á fi lè so ọmọ tirẹ̀. Wọ́n tún ń lo akọ òdòdó àwọn àdàlù náà láti fi hu ọ̀gbìn tuntun nínú ìgò, kí ìwà tí wọ́n fẹ́ lè tètè dúró lára rẹ̀, dípò kí wọ́n máa ka ìran mẹ́fà tàbí méje lóko.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa: èyí kì í ṣe irú ọ̀gbìn tí wọ́n ń pè ní GMO. Òdòdó pàdé òdòdó ni. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kò ju pé kó gba ẹ̀mí ọmọ náà là lọ.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni iṣẹ́ náà so èso. Ní ọdún 2000, àjọ náà ti sọ méje lórúkọ, wọ́n sì pè wọ́n ní NERICA, ìyẹn Ìrẹsì Tuntun fún Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbó láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìrẹsì ilẹ̀ òkè mìíràn máa ń lo oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àgbẹ̀ tí oúnjẹ ti tán nínú àká rẹ̀, oṣù kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àgbẹ̀ ló yan èyí tó wù ú

Tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ ló máa ń yan irúgbìn, wọ́n á sì gbé e fún àgbẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, láti ọdún 1996, WARDA yí i padà.

Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á gbin oríṣi ìrẹsì púpọ̀, nígbà mìíràn tó tó 60, sí oko kan nítòsí abúlé. Àwọn àgbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, á wá wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń hù, nígbà tí wọ́n so, àti lẹ́yìn ìkórè. Ní ọdún kejì, olúkúlùkù á mú bíi mẹ́fà tó wù ú lọ gbìn sóko ara rẹ̀. Ní ọdún kẹta, wọ́n á ní kó fowó rà á. Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń hàn, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ń fowó ra ohun tí kò fẹ́.

Àwọn onímọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìrẹsì kúkúrú ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fẹ́ràn nítorí kì í ṣubú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀bẹ gé orí ìrẹsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn mìíràn nínú wọn pọn ọmọ, sọ pé èyí tó ga díẹ̀ làwọn ń fẹ́, kí àwọn má baà máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá.

Omi àkùrọ̀, irin àti ẹ̀fọn

Kì í ṣe irúgbìn nìkan ni wọ́n wò. Omi ní wàhálà tirẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ àkùrọ̀ ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní agbègbè Korhogo, omi tó ń ṣàn láti orí òkè máa ń gbé irin inú ilẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Bí irin náà bá pọ̀ jù, ewé ìrẹsì á dà bí ohun tó dípẹtà, ìkórè á sì dín kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tún wá ìrẹsì tó lè gbé àkùrọ̀. Moussa Sié, onímọ̀ láti Burkina Faso, ló ṣáájú iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú àwọn olùwádìí orílẹ̀-èdè mìíràn. Lára àwọn òbí tí wọ́n lò ni ìrẹsì Áfíríkà kan tó ń jẹ́ TOG 5681. Lẹ́tà TOG yìí ni wọ́n fi ń sàmì sí ìrẹsì Áfíríkà tí wọ́n kó jọ sí iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí sọ́kàn. A máa padà bá a.

Bẹ́ẹ̀ sì ni omi tó bo ẹsẹ̀ ìrẹsì ni ẹ̀fọn ti ń pamọ. Ní Bouaké kan náà, iléeṣẹ́ ìwádìí mìíràn wà, Institut Pierre Richet, tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri. Ní ọdún 1993, àwọn olùwádìí kéde pé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ní Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí irú oògùn tí wọ́n ń rẹ àwọ̀n ẹ̀fọn sí. Ìkìlọ̀ ńlá nìyẹn fún gbogbo Áfíríkà, nítorí pé oògùn yẹn ni ìrètí wọn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ahéré àyẹ̀wò ní Yaokoffikro, àti ní M'bé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìrẹsì lẹ́yìn náà. Èèyàn á sùn lábẹ́ àwọ̀n níbẹ̀, wọ́n á sì ka iye ẹ̀fọn tó wọlé, iye tó mu ẹ̀jẹ̀ àti iye tó kú nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Lára ohun tí wọ́n dán wò ni àwọ̀n tí wọ́n rẹ sí oògùn oríṣi méjì, kí ẹ̀fọn tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan má bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Lónìí, àwọ̀n tó ní oògùn ju ẹyọ kan lọ ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní Áfíríkà.

Wọ́n tún ṣèwádìí bóyá oko ìrẹsì olómi ń sọ ibà di púpọ̀. Èsì tí wọ́n rí ní àríwá orílẹ̀-èdè náà ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ẹ̀fọn pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibà kò pọ̀ sí i bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rù pé yóò rí.

Nígbà tí ogun dé

Kanayo Nwanze, ọmọ Nàìjíríà tó padà di ààrẹ IFAD, àjọ àgbáyé tó ń yá ìgbèríko lówó fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ló jẹ́ olórí WARDA nígbà tí Bouaké dojú rú ní ọdún 2002. Monty Jones ti lọ sí Accra lọ́dún náà láti darí FARA, àjọ tó ń kó àwọn olùwádìí oko jọ ní Áfíríkà.

Àwọn ọmọ ogun Faransé ló wá kó àwọn àjèjì kúrò ní Bouaké kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Àwọn onímọ̀ WARDA náà kúrò ní M'bé. Àwọn kan lọ sí Abidjan, àwọn mìíràn lọ sí Bamako ní Mali, níbi tí wọ́n ti ń bá iṣẹ́ lọ nínú oko àlejò.

Wọ́n ní ìrètí pé àwọn máa tètè padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004, ọkọ̀ òfuurufú ológun ìjọba ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé ní Bouaké. Ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ọmọ Amẹ́ríkà kan ló kú. Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire.

Nínú ọdún kan náà tí bọ́ǹbù bọ́ yìí, Monty Jones gba ẹ̀bùn World Food Prize pẹ̀lú Yuan Longping ti China, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ayé ń pàtẹ́wọ́ fún ìrẹsì tó jáde láti Bouaké, àwọn tó ṣe é kò sì lè dé Bouaké.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Kí ló wá dé tí iṣẹ́ náà kò fi parun?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà ní Ìbàdàn. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti ń kó irúgbìn ìrẹsì Áfíríkà jọ tipẹ́ kí WARDA tó dé Bouaké, ibẹ̀ náà ni ẹ̀dà irúgbìn WARDA sì wà ní ìpamọ́. Bí iná bá jó yàrá òtútù M'bé tàbí tí iná mànàmáná bá kú níbẹ̀, kì í ṣe òpin ayé.

Ìdáhùn kejì wà lóko àgbẹ̀. Nígbà tí ìbọn fi máa dún, NERICA ti kúrò ní ohun tó wà ní M'bé nìkan. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Côte d'Ivoire àti Guinea. Uganda tẹ́wọ́ gba ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 2002 gan-an. Nàìjíríà fọwọ́ sí NERICA 1 ní ọdún 2003, ó sì pè é ní FARO 55.

Ìdáhùn kẹta ni àwọn aládùúgbò. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2005, WARDA kó lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, sínú ọgbà tí IITA ní sí Abomey-Calavi, lẹ́bàá Cotonou. Wọ́n lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni WARDA ti yí orúkọ padà di AfricaRice, tí wọ́n sì tún ilé ìpamọ́ irúgbìn wọn tò. Wọ́n ti tún fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Svalbard ní Norway, níbi tí wọ́n gbẹ́ ilé ìpamọ́ irúgbìn gbogbo àgbáyé sínú òkè oníyìnyín.

Ṣé NERICA mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ?

Kò yẹ ká fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí NERICA jáde, àwọn kan pè é ní ìrẹsì ìyanu. Kì í ṣe ìyanu.

Òjò ni ìrẹsì ilẹ̀ òkè gbójú lé. Bí òjò bá kọ̀, NERICA náà á jìyà. Bí kò bá sí ajílẹ̀, ìkórè rẹ̀ kì í pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àgbẹ̀ fẹ́ ẹ ṣùgbọ́n kò rí irúgbìn gidi rà. Ní Nàìjíríà, FARO 44 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn kì í ṣe NERICA rárá. Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Orílẹ̀-èdè wa sì ń jẹ ìrẹsì òkèèrè títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun kan dájú. Kí M'bé tó dé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ìrẹsì Áfíríkà sí ohun àtijọ́ tó yẹ kó lọ. Lẹ́yìn M'bé, ó di àpótí ìṣúra. NERICA ilẹ̀ òkè ti di 18, ti àkùrọ̀ sì jẹ́ 60. Méjì nínú ti àkùrọ̀ yìí ni Nàìjíríà fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bíi FARO 60 àti FARO 61.

M'bé lónìí

Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2007, wọ́n dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré Bouaké gẹ́gẹ́ bí àmì pé ogun ti parí. Àlàáfíà kò dúró kíákíá. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010. Ní ọdún 2015, AfricaRice gbé ibùjókòó rẹ̀ padà sí Côte d'Ivoire, lọ́tẹ̀ yìí sí Abidjan. M'bé tún di oko ìwádìí wọn tó tóbi jù lọ, ilé ìpamọ́ irúgbìn wọn sì ti padà síbẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi 22,000 oríṣi ìrẹsì.

Orílẹ̀-èdè 28 ló wà nínú àjọ náà báyìí, Nàìjíríà àti Benin sì wà lára wọn.

Àwọn bàbá wa tó jẹ́ àgbẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn wọn sínú àká kan. Wọ́n á so díẹ̀ kọ́ sókè ààrò, wọ́n á fún àbúrò ní díẹ̀, wọ́n á sì fi díẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní abúlé kejì. Bí ọ̀kan bá jó, wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti tọrọ. Ohun tí Ìbàdàn àti Abomey-Calavi ṣe fún Bouaké nìyẹn. Kò sì sí ẹni tó lè sọ ìlú tí yóò nílò irú oore bẹ́ẹ̀ lọ́la.